Ohun tí mo kọ́ nípa orúkọ ọnà èdè nínú lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ṣe Literature-in-English ní SSS, ẹ má fi ìwé tó to orúkọ ọnà èdè láti A dé Z bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ọmọ ṣe lẹ́sìn lórí iṣẹ́ yìí, ohun kan náà ni mo sì ń rí. Ọmọ tó ti há ìtumọ̀ simile, metaphor, irony àti soliloquy (ọ̀rọ̀ tí òṣèré ń dá sọ lórí ìtàgé) sórí, tó lè kà á láìwo ìwé, á dé iwájú ewì tí kò rí rí, ẹnu rẹ̀ á wọhò. Ó mọ orúkọ, kò mọ iṣẹ́ tí orúkọ náà ń tọ́ka sí. Iṣẹ́ yẹn gan-an ni ìdánwò ń béèrè, òun náà ló sì ń mú kí ìwé kíkà dùn.

Ẹ jẹ́ ká yẹ gbólóhùn kan ṣoṣo wò. Nínú Macbeth, eré tí Shakespeare kọ ní nǹkan bí ọdún 1606, ìyàwó Macbeth ń kọ́ ọkọ rẹ̀ bí yóò ṣe gba Ọba Duncan lálejò ní alẹ́ tí wọ́n fẹ́ pa á. Ó ní kó jọ òdòdó tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ejò tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó há nǹkan sórí á kọ simile sẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó, á kọ metaphor sẹ́gbẹ̀ẹ́ ejò, á sì kọjá lọ. Òótọ́ ló kọ. Òdòdó ní like níwájú, àfiwé tààrà ni. Ejò kò ní in, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Kí ló dé tí obìnrin yìí fi ní kó jọ òdòdó, tí kò sì ní kó jọ ejò? Ojú lásán ni òdòdó, ohun tí ọba máa rí nìyẹn. Ejò ni ohun tó fẹ́ kí ọkọ òun jẹ́ nínú lọ́hùn-ún. Simile ń sọ pé nǹkan méjì jọra, metaphor ń sọ pé èyí ni ìyẹn, àárín jíjọ àti jíjẹ́ yẹn sì ni gbogbo ọ̀tẹ̀ tí tọkọtaya náà ń dì fara pamọ́ sí. Ọmọ tó bá kọ èyí sínú ìdáhùn rẹ̀, ẹni tó ń máàkì á mọ̀ pé ó ka eré náà.

Nínú ìran tó tẹ̀ lé e, Duncan dé. Ó wo ilé ńlá náà, ó ní ibẹ̀ dára, atẹ́gùn ibẹ̀ ń tura. Banquo tó bá a wá sọ̀rọ̀ ìtẹ́ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó wà lára ilé náà, ó ní òun ti ṣàkíyèsí pé ibi tí ẹyẹ yìí bá ti ń pamọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa ń dára. Àwa tí à ń wòran ti gbọ́ ọ̀rọ̀ òdòdó àti ejò. Duncan kò gbọ́. Dramatic irony nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ pé òǹwòran mọ ohun tí Duncan kò mọ̀, tí ẹ sì dákẹ́, ìdáhùn yín kù. Ẹ sọ bí ara wa ṣe ń bù máṣọ bí ọba ṣe ń yin ilé tí wọn yóò ti pa á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe Yorùbá ní kíláàsì ti mọ púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀. Àwítúnwí, àsọrégèé, ìfohunpènìyàn àti ìbéèrè pèsìjẹ, gbogbo wọn ló wà nínú lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ti wo bí àwítúnwí ṣe ń mú orí ẹni tí wọ́n ń kì wú nínú oríkì mọ irú ìbéèrè tó yẹ kó bi repetition nínú ewì Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tó le fún wa ni ìró. Sípẹ́lì Gẹ̀ẹ́sì máa ń tan ni jẹ: knight àti night fi ìró kan náà bẹ̀rẹ̀, phone àti fire náà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n c tó bẹ̀rẹ̀ city kì í ṣe ti cat. Nítorí náà, etí ni kí ẹ fi wá alliteration, ìyẹn bí ìró kan náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó wà nítòsí ara wọn.

Wilfred Owen, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 1918, ọ̀sẹ̀ kan kí ìbọn Ogun Àgbáyé Kìíní tó dákẹ́, ń béèrè nínú ewì kan pé agogo òkú wo ni wọn yóò lù fún àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń kú bí ẹran. Nínú ìdáhùn rẹ̀ ló ti kọ stuttering rifles' rapid rattle. Ẹ kà á sókè. Ẹ gbọ́ bí r ṣe ń tẹ̀ léra, tí t ń já lù ú. Ìbọn gan-an ló ń dún lẹ́nu yín. Ẹ tún wo stuttering. Ènìyàn ló ń kólòlò, ìbọn kì í ṣe é, personification, ìyẹn ìfohunpènìyàn, ti wọ̀ ọ́. Dípò agogo, ìró yẹn ni àwọn òkú rí gbà.

Iambic pentameter náà, ìyẹn ìlà ewì tí sílébù tí a kò tẹ̀ àti èyí tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ ń tẹ̀ léra nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, etí ni. Gẹ̀ẹ́sì kì í fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ bíi tiwa, bí a ṣe ń tẹ sílébù mọ́lẹ̀ ló ń lò. Ẹ mú ìlà Shakespeare, Shall I compare thee to a summer's day, níbi tó ti ń béèrè bóyá kí òun fi olólùfẹ́ òun wé ọjọ́ kan nígbà summer, kí ẹ máa fi ìka lu tábìlì: sílébù 10, ìkejì-ìkejì ni ìka ń dún sí, ó di 5. Ìlà 14 irú èyí ló ń di sonnet, 154 sì ni ó wà nínú ìwé sonnet Shakespeare tó jáde ní ọdún 1609. Ẹ rántí pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ ọ́. Ìgbà tí òtútù ti lọ ni summer níbẹ̀. Ẹni tó bá fi oòrùn Sókótó kà á, á ṣòro fún un láti rí ìyìn tó wà níbẹ̀.

Paper 1 ti WAEC máa ń gbé ewì tí ẹ kò kà rí wá. Kí ẹ tó wá ọnà èdè kankan nínú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló sì ń bá sọ̀rọ̀. Akéwì kọ́ ni ní gbogbo ìgbà. Nínú ewì Robert Browning tó jáde ní ọdún 1842, My Last Duchess, ìjòyè kan ló ń fi àwòrán ìyàwó rẹ̀ tó ti kú han àlejò. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, à ń gbọ́ owú, à ń gbọ́ ìgbéraga, títí tó fi ní òun pàṣẹ, tí ẹ̀rín obìnrin náà sì dáwọ́ dúró. Dramatic monologue lèyí, ewì tí ẹnì kan ṣoṣo tí kì í ṣe akéwì ti ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé Browning ló jowú ti ṣìnà láti ìlà àkọ́kọ́.

Speaker, tone (ohùn tí ẹni náà fi ń sọ̀rọ̀), imagery (àwòrán tí ọ̀rọ̀ ń yà síni lọ́kàn), simile, metaphor àti irony ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Metonymy (fífi orúkọ ohun tó bá nǹkan rìn pe nǹkan náà) àti synecdoche (fífi apá kan dúró fún odindi) lè dúró dìgbà tí àwọn wọ̀nyí bá ti mọ́ yín lára. Nínú ìwé yín, ẹ kọ orúkọ kan sókè, kí ẹ kọ ìlà tí ẹ ti rí i sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ ara yín sọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Bí ẹ bá tún rí i nínú ewì mìíràn, ojú ewé kan náà ni kí ẹ kọ ọ́ sí.