Owó Ló Ń Sọ̀rọ̀: Bí Mo Ṣe Kọ́ Láti Ka Káàdì Ọwọ́ Ẹlòmíràn Nídìí Póòkà

Kò sẹ́ni tó mọ káàdì méjì pàtó tó wà lọ́wọ́ ẹnìkejì. Ẹni tó bá ní "mo mọ̀ pé Ọba méjì ló mú", tó sì rí bẹ́ẹ̀, ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Àwọn tó máa ń gba owó lọ́wọ́ mi nídìí Texas Hold'em, ìyẹn oríṣi póòkà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń mú káàdì méjì, tí gbogbo wa sì jọ ń lo márùn-ún tí wọ́n ń ṣí sórí tábìlì, kì í sọ pé "ó mú báyìí". Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé "ó lè mú èyí, ó lè mú ìyẹn, ṣùgbọ́n kò lè mú tọ̀hún". Gbogbo ohun tó lè mú yẹn lápapọ̀ ni mo ń pè ní ọ̀wọ́ káàdì rẹ̀. Òun náà ni àwọn mìíràn ń pè ní range. Iṣẹ́ wa ni pé kí a máa dín ọ̀wọ́ yẹn kù, láti ìgbà tí wọ́n ti pín káàdì títí dé èyí tó kẹ́yìn lórí tábìlì.

Ọ̀wọ́ náà fẹ̀ gan-an níbẹ̀rẹ̀. Nínú káàdì 52, ọ̀nà 1,326 ni wọ́n lè gbà pín méjì fún ènìyàn. Bí a bá pa àmì ara káàdì (bí ọkàn) tì, tí a kàn bèèrè bóyá àmì káàdì méjèèjì bára mu tàbí kò bára mu, oríṣi 169 ló kù. Orí ta ló fẹ́ gba ìyẹn nígbà tí wọ́n ń dúró de èsì rẹ? Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè àkọ́kọ́ fi gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó máa gé púpọ̀ dànù lẹ́ẹ̀kan náà: ibo lẹni yìí jókòó sí?

Lórí tábìlì ẹlẹ́ni 9, ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí flop (káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ṣí sórí tábìlì) tó dé ní ènìyàn 8 lẹ́yìn rẹ̀ tí kò tíì wí nǹkan kan. Èyíkéyìí nínú wọn lè mú káàdì tó lágbára. Bí ẹni náà bá lóye, káàdì díẹ̀ ni yóò fi gbé owó sókè níbẹ̀. Ẹni tó jókòó sí bọ́tìnnì, ìjókòó tó máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lẹ́yìn flop, ńkọ́? Bí àwọn yòókù bá ti da káàdì wọn nù, blind méjì péré, ìyẹn àwọn méjì tó ti fi owó dandan sílẹ̀ kí wọ́n tó pín káàdì, ló kù níwájú rẹ̀, nítorí náà ó lè fi káàdì yẹpẹrẹ gbé owó sókè kó sì kó o lọ. Iye owó kan náà ni àwọn méjèèjì fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Mo ti rí àwọn tó ti pẹ́ nídìí eré yìí tí wọn kì í wo ìjókòó ènìyàn kí wọ́n tó san owó. Ìyàlẹ́nu ló ṣì ń jẹ́ fún mi.

Lẹ́yìn ìjókòó, irú ènìyàn wo ni? Ohun méjì ni mo máa ń ṣọ́. Ṣé gbogbo káàdì ló ń bá wọ inú eré, àbí ó máa ń jù wọ́n nù títí èyí tó dára yóò fi dé? Tó bá sì wọlé, ṣé òun ló ń gbé owó sókè, àbí ó kàn ń bá àwọn ẹlòmíràn san? Ẹni tó máa ń san ṣáá, tó wá ṣàdédé gbé owó sókè lónìí, ẹ gbà á gbọ́.

Òfin tó wà lókè gbogbo èyí ni pé ọ̀wọ́ káàdì kì í fẹ̀ sí i, dídín ló ń dín. Owó kọ̀ọ̀kan tó fi sílẹ̀ dà bí asẹ́: ohun tó bá ti jò gba inú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ kò tún padà sórí asẹ́ mọ́. Bí káàdì kan kò bá sí nínú ọ̀wọ́ rẹ̀ kí flop tó dé, kò lè ṣàdédé yọjú ní river, ìyẹn káàdì karùn-ún tó kẹ́yìn lórí tábìlì, nítorí pé ẹ̀rù bà wá. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn lẹ́nu, àmọ́ bí káàdì tó kẹ́yìn bá jáde, gbogbo ènìyàn ló máa ń gbàgbé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìpín kan ṣe é láti òkè délẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni adùn ọ̀rọ̀ yìí wà. Ọkùnrin kan tó máa ń da ọ̀pọ̀ káàdì nù gbé owó sókè láti ìjókòó àkọ́kọ́. Èmi wà ní bọ́tìnnì, mo mú Éèsì àti Ayaba, kò sì sí àmì ọkàn lára èyíkéyìí nínú wọn. Mo san án. Àwọn yòókù sá. Flop dé: Éèsì ọkàn, 8 ọkàn, àti 3 tí kì í ṣe ọkàn. Ó ta (ìyẹn ni pé ó fi owó síwájú) ìdajì owó àárín tábìlì, mo san án. Turn, káàdì kẹrin, jẹ́ 4 lásán. Ó tún ta, owó ńlá lọ́tẹ̀ yìí, mo tún san án. River jẹ́ 9, òun náà kì í ṣe ọkàn. Ó wá ta iye tó tó gbogbo owó tó wà láàárín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kọ́kọ́ sọ ni pé "àbí 9 yẹn ló fún un ní 9 mẹ́ta?" Ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀. Bó bá mú 9 méjì, ṣé yóò ta owó ńlá ní turn nígbà tí Éèsì wà lórí tábìlì, tí mo sì ti san án lẹ́ẹ̀kan? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. 9 méjì ti bọ́ sílẹ̀ ní turn, kò sì lè padà wá. Mo yọ Ọba méjì, Ayaba méjì àti 10 méjì kúrò bákan náà. Ó lè ta wọ́n ní flop, kó sì kọjá láì ta mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Éèsì àti Jáàkì kò jẹ́ ta irú owó yìí ní river. Ẹni tó mú Éèsì àti Ayaba bíi tèmi náà yóò rọra kọjá.

Kí ló wá kù? Níbí ni ìṣirò ti wọlé. Bí ẹ kò bá tíì rí káàdì kankan, ọ̀nà 16 ni ènìyàn lè gbà mú Éèsì àti Ọba: 4 tí àmì wọn bára mu, 12 tí kò bára mu. Ọ̀nà 6 péré ló wà fún Éèsì méjì. Nísinsìnyí, Éèsì kan wà lọ́wọ́ mi, ọ̀kan wà lórí tábìlì, méjì ló kù. Éèsì méjì náà pẹ̀lú Ọba mẹ́rin jẹ́ ọ̀nà 8 fún Éèsì àti Ọba. Éèsì méjì di ọ̀nà 1. 8 méjì jẹ́ ọ̀nà 3, nítorí 8 kan ti wà níta. 3 méjì àti 4 méjì kò sí nínú ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń gbé sókè láti ìjókòó àkọ́kọ́. Àpapọ̀ ohun tó lù mí jẹ́ 12.

Èwo ni mo lù? Àwọn tó ń wá àmì ọkàn márùn-ún tí wọn kò rí i. Ẹni tó bá ní àmì mẹ́rin ní flop ń rí ìkarùn-ún kó tó dé river ní nǹkan bí ìgbà 35 nínú 100, nítorí náà àwọn tó pàdánù rẹ̀ máa ń pọ̀, wọ́n sì máa ń fi owó halẹ̀, bí ẹni pé wọ́n mú káàdì gidi. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: Éèsì ọkàn wà lórí tábìlì, kò lè wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìhalẹ̀ tó dára jù, ìyẹn Éèsì ọkàn pẹ̀lú ọkàn mìíràn, ti lọ nìyẹn. Ohun tó kù fún ẹni tó ń yan káàdì bíi tirẹ̀ ni Ọba àti Ayaba ọkàn, Ọba àti Jáàkì ọkàn, Ayaba àti Jáàkì ọkàn, bóyá Jáàkì àti 10 ọkàn. Ọ̀nà 4.

Owó wá sọ èyí tó kù. Ká ní 40 ló wà láàárín, ó ta 40. Èmi fẹ́ fi 40 wá 80. Bí mo bá jẹ ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta, mo bọ́ síbi tí n kò jèrè tí n kò sì pàdánù. Fún 12 tó lù mí, ìhalẹ̀ 6 ni mo nílò kí sísan tó mọ́gbọ́n dání; 4 ni mo rí, ìyẹn bó bá tiẹ̀ ní ìgboyà láti fi gbogbo wọn halẹ̀. Mo da káàdì mi nù.

Ẹ yí ohun kan padà, ìdáhùn á yí. Bó bá jẹ́ ẹni tó máa ń ṣojo pẹ̀lú Éèsì àti Ọba ní river, tó jẹ́ pé ìdajì wọn ló máa ta, 12 ti di 8. Ìhalẹ̀ 4 fún 8 wà ní ojú ààlà gan-an. Bó bá sì jẹ́ ẹni tó ń fi káàdì méjì ọkàn èyíkéyìí wọlé láti ìjókòó èyíkéyìí, ìhalẹ̀ á pọ̀ ju ohun tó lù mí lọ, èmi náà á san láì ronú púpọ̀. Àwọn káàdì tèmi kò yí padà rárá nínú gbogbo èyí. Ìyẹn ni mo fi máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹnìkan bá bi mí pé "ṣé Éèsì àti Ayaba dára níbí?" láì sọ ẹni tó ń bá a ta.

Iye tí ènìyàn ta náà ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rí owó kékeré ní river lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìrírí, lọ́pọ̀ ìgbà, káàdì àárín méjì ló mú, ó fẹ́ rí tìrẹ ní owó pọ́ọ́kú. Owó gọbọi sábà máa ń túmọ̀ sí ọ̀kan nínú méjì: káàdì tó lágbára gan-an tàbí òfo. Ẹni tó bá san owó kíákíá ní flop láì dákẹ́ ronú kì í sábà mú káàdì tó lágbára jù, torí pé ẹni tó bá mú un yóò kọ́kọ́ rò ó bóyá kí òun gbé owó sókè.

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nídìí póòkà, n kò gbà. Mo mọ̀ pé ọwọ́ tó ń gbọ̀n nígbà tó ń ti owó síwájú sábà máa ń jẹ́ ti ẹni tó mú káàdì gidi, kì í ṣe ti ẹni tó ń halẹ̀, mo sì máa ń lo ìyẹn. Àmọ́ nǹkan kékeré ni. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2017, Libratus, ètò kọ̀ǹpútà tí Tuomas Sandholm àti Noam Brown ṣe ní Yunifásítì Carnegie Mellon, bá ògbóǹtarìgì mẹ́rin ta Hold'em ẹlẹ́ni méjì ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, ìpín 120,000. Ó jẹ wọ́n, owó rẹ̀ sì yọ gedegbe. Kò lójú tí yóò fi wo ojú ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó lè wo ojú tirẹ̀. Owó tí wọ́n ta ni gbogbo ohun tó mọ̀ nípa wọn.

Ohun tó pẹ́ kó tó yé mi dáadáa ni pé alátakò náà ń ka tèmi. Nínú ìpín tí mo ṣàlàyé lókè yẹn, òun mọ̀ pé mo san owó ní flop àti ní turn láì gbé e sókè. Lójú tirẹ̀, ọwọ́ mi kún fún Éèsì pẹ̀lú káàdì àárín, tàbí ọkàn méjì tí kò pé. Ẹni tó bá lè ronú dé ibẹ̀ mọ̀ pé ó ṣòro fún mi láti da Éèsì nù, kò sì ní fẹ́ fi owó ńlá halẹ̀ mọ́ ẹni tí kì í sá. Ìyẹn tún dín ìhalẹ̀ 4 yẹn kù. Ẹni tí kì í ro tèmi rárá, káàdì tirẹ̀ nìkan ló ń wò. Fún irú wọn, n kì í yọ ara mi lẹ́nu pẹ̀lú ìpele yìí.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ, ẹ kọ́ ọ nígbà tí ẹ ti da káàdì yín nù. Ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ máa wà nípò yẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń fi àkókò náà wo fóònù. Ẹ mú ẹnìkan nínú àwọn tó kù, ẹ fún un ní ọ̀wọ́ káàdì láti ìjókòó rẹ̀, ẹ máa yọ díẹ̀díẹ̀ nígbàkúùgbà tó bá ta tàbí tó bá kọjá. Bí wọ́n bá ṣí káàdì, ẹ wò ó bóyá ohun tó mú ṣì wà lórí asẹ́ yín. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ wá ibi tí ẹ ti jẹ́ kó bọ́; ibẹ̀ lẹ máa ti mọ ẹni náà. Mo máa ń ṣe é jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá ń kéde ohun tó rò pé àwọn ènìyàn mú ń kọ́ àwọn tó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá wà nínú ìpín kan, ẹ má ṣe ìṣirò tó jinlẹ̀. Ẹ gbà pé ẹnìkan mú nǹkan, kí ẹ sì dín ìhalẹ̀ kù.

Ẹnìkan wà tí gbogbo èyí kò ràn yín lọ́wọ́ lórí rẹ̀: ẹni tó ń san gbogbo owó tí wọ́n bá ta. Kò da nǹkan kan nù, nítorí náà kò sí ohun tí ẹ lè yọ kúrò nínú ọ̀wọ́ rẹ̀. N kì í halẹ̀ mọ́ ọn láé. Bí mo bá mú káàdì tó dára, mo máa ń ta owó tó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, torí pé yóò san án. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sì dijú gbé owó sókè mọ́ mi lórí ní river, mo máa ń da káàdì mi nù, bó tilẹ̀ jẹ́ Éèsì méjì tí mo ti fi inú dídùn mú láti ìbẹ̀rẹ̀.