Ṣebí A Ti Sanwó Fún Ẹ

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ọ́ pé wọ́n sanwó mi o, mi ò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n pè mí pé kí n wá ya àwòrán sára páálí, kí n dẹ̀ to bí ìwé ìlò ẹ̀ ṣe máa rí. Íàpíìsì tí ò ní wáyà ni wọ́n fẹ́ gbé jáde, pẹ̀lú àpótí kékeré tí wọ́n ń kó o sí. Owó ojúmọ́ la ṣàdéhùn, wọ́n san án pé. Ohun tó ń dùn mí ò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ pè mí rárá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn wá dán an wò, mo jókòó sí kọ̀rọ̀ kan, mò ń wo ọwọ́ wọn. Àpótí náà ń dán, ó rí rébété, ó dùn ún wò, àmọ́ iwájú ẹ̀ ò yàtọ̀ sẹ́yìn, torí náà gbogbo ẹni tó gbé e ló ń yí i lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó mọ ibi tó ti ń ṣí, àwọn míì fẹ́ fi eyín ṣí i. Màmá àgbàlagbà kan wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní "ọmọ mi, èwo ni ojú nínú ojú àti ìpàkọ́ ẹ̀?" Mi ò rí oorun sùn lóru yẹn. Mo mú amọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, mo mọ àpótí náà, mo wá fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan báyìí, kòtò kékeré tí ò jìn tó èékánná. Ó tán. Dijú, tọwọ́ bọ àpò, àtàǹpàkò ẹ máa wá ibẹ̀ fúnra ẹ̀.

Wọ́n lò ó. Wọ́n lò ó débi pé òun ni wọ́n fi ń polówó, "ṣí i nínú òkùnkùn," àtàǹpàkò kan gbàràmù lójú ìpolówó. Mo lọ bá ọ̀gá, mi ò tiẹ̀ bínú lọ, mo kàn ní ṣé ẹ lè fún mi ní nǹkan lórí kòtò yẹn, kódà kẹ́ ẹ kàn kọ orúkọ mi síbì kan. Ọ̀gá náà ò pariwo mọ́ mi, ó dà bí ìgbà tí ìbéèrè mi ò yé e rárá ni. Ó ní "ṣebí a ti sanwó fún ẹ."

Látìgbà yẹn ni mo ti ń ka ìtàn àwọn tí wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún, wọ́n dẹ̀ pọ̀ jù mí lọ.

Ẹ wo gílóòbù LED funfun. Ara iná búlúù ni funfun ẹ̀ ti ń wá, wọ́n á fi nǹkan tó ń tan yẹ́lò bò ó, méjèèjì á dà pọ̀, ojú wa á rí i ní funfun. LED pupa ti wà láti 1962, aláwọ̀ ewé náà tẹ̀ lé e, búlúù ló kọ̀ tí ò gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu fún bí ọgbọ̀n ọdún. Isamu Akasaki àti Hiroshi Amano ló kọ́kọ́ là á lójú ní Japan, Shuji Nakamura náà ń bá tiẹ̀ bọ̀ ní Nichia, ilé-iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nígbà yẹn. Wọ́n ní kó fi í sílẹ̀, kò fi í sílẹ̀. Ní 1993 wọ́n gbé èyí tó mọ́lẹ̀ dáadáa jáde. Bónọ́ọ̀sì tí wọ́n fún un lórí páténtì ẹ̀, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ tó ń sọ ẹni tó ni àrà tuntun kan, 20,000 yen, kò tó igba dọ́là! Ó kúrò níbẹ̀, ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ ní 2001. Ní 2004, adájọ́ ní Tokyo ṣírò ẹ̀, ó ní tìẹ nínú èrè yìí lé ní 60 bílíọ̀nù yen, àmọ́ 20 bílíọ̀nù lo béèrè, 20 bílíọ̀nù náà ni kí wọ́n fún ẹ. Ilé-iṣẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, nígbà tó fi máa di 2005 wọ́n parí ẹ̀ sí bíi 840 mílíọ̀nù. Láti 20 bílíọ̀nù bọ́ sí iye yẹn. Ó gba ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú àwọn méjì yẹn ní 2014.

Ká má purọ́ ṣá, Nichia náà lẹ́nu ọ̀rọ̀. Owó wọn ni wọ́n fi ra ẹ̀rọ, owó wọn ni wọ́n fi ń san owó oṣù ẹ̀ ní gbogbo ọdún tí ò rí nǹkankan gbé jáde, tí búlúù yẹn bá kọ̀ láti tàn títí, Nakamura ò ní dá kọ́bọ̀ padà fún wọn. Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi pa mí lẹ́nu mọ́. Ohun tó là mí lójú ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tọ́jà ò bá tà. Ta ni wọ́n kọ́kọ́ ń lé? Àwọn tó ya á, àwọn tó kọ kóòdù ẹ̀, àwọn tó ń gbé ẹrù nínú ilé ìkẹ́rùsí. A jọ ń pín àdánù yẹn o, èrè nìkan la kì í jọ pín.

Mo fẹ́ràn tàwọn ọmọ Atari, ilé-iṣẹ́ gẹ́ẹ̀mù kan ní Amẹ́ríkà. Láyé ìgbà yẹn, ẹnìkan ṣoṣo ló máa ń jókòó ti gẹ́ẹ̀mù, òun láá ro ó, òun láá yà á, òun láá kọ kóòdù ẹ̀, òun láá ṣe ohùn ẹ̀, wọn ò dẹ̀ ní kọ orúkọ ẹ̀ sára páálí. Mẹ́rin nínú wọn, David Crane, Alan Miller, Larry Kaplan àti Bob Whitehead, rí i nínú ìwé tí ilé-iṣẹ́ fúnra ẹ̀ pín káàkiri pé gẹ́ẹ̀mù tàwọn ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó wọlé. Wọ́n lọ bá ọ̀gá pátápátá. Wọ́n ní èsì tó fún wọn ni pé ẹ ò ṣe pàtàkì ju àwọn tó ń to gẹ́ẹ̀mù yẹn pọ̀ lọ. (Èmi ò rò pé àwọn tó ń tò ó pọ̀ náà gba owó tó yẹ wọ́n, ṣùgbọ́n ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíì.) Ní 1979 wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n dá Activision sílẹ̀, wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó ṣe gẹ́ẹ̀mù sára páálí, wọ́n tún ń ṣe gẹ́ẹ̀mù tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ Atari yẹn gan-an. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, ṣebí òun náà láá ru igbá ẹ̀ délé. Warren Robinett, tóun náà ń ṣe gẹ́ẹ̀mù ní Atari, ò bá wọn jà ní tiẹ̀, ó kàn kọ́ yàrá kan pamọ́ sínú gẹ́ẹ̀mù tó ń ṣe, ó kọ orúkọ ara ẹ̀ síbẹ̀, ó dákẹ́, ó dágbére. Ìgbà tí wọ́n máa rí i, ọjà ti wọ ìta.

Douglas Engelbart tó ronú kan máòsì kọ̀ǹpútà, páténtì ẹ̀ jáde ní 1970, àmọ́ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ló ni ín, kò rí kọ́bọ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n tà, máòsì yẹn dẹ̀ wà níwájú mi bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Ti Ian Shanks ló jọ tèmi jù. Unilever ló ń bá ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1982 ó rò ó pé èèyàn lè fi nǹkan kékeré kan wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, bó ṣe délé ló mú gíláàsì pẹlẹbẹ tó wà lára máíkírósíkóòpù ìṣeré ọmọ ẹ̀ obìnrin, ó fi kílíìpù tí wọ́n fi ń há ìwé há a pọ̀, ó ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ gbà tó 24 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lórí páténtì yẹn. Òfin tiwọn níbẹ̀ sọ pé tí àǹfààní tí ilé-iṣẹ́ rí nínú páténtì bá tayọ, kí wọ́n fún ẹni tó ronú ẹ̀ ní ìpín tó tọ́. Ó béèrè tiẹ̀ ní 2006. Ẹ wá gbọ́ èsì tí wọ́n ń fún un láti ibì kan dé ibòmíì: 24 mílíọ̀nù yìí ò tayọ, torí Unilever tóbi, kékeré ni lójú wọn. Ìyẹn ni pé bí ọ̀gá ẹ bá ṣe lówó tó ni iṣẹ́ ẹ ṣe máa kéré tó! Ọdún 2019 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù tó sọ pé irọ́ ni, ẹ fún un ní 2 mílíọ̀nù. Ọdún mẹ́tàlá, òun náà ti darúgbó.

Shanks ní páténtì lọ́wọ́ ṣá. Kòtò àtàǹpàkò ńkọ́? Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún àwa tá a ń ya nǹkan ni pé ẹwà ò ṣeé wọ̀n, ta ló mọ̀ bóyá torí kòtò yẹn ni wọ́n ṣe rà á. Mo fẹ́ gbà fún wọn tẹ́lẹ̀, àfìgbà tí mo ka ẹjọ́ Apple àti Samsung. Apple pè é ní 2011, wọ́n ní Samsung wo fóònù àwọn ṣe tiẹ̀, wọ́n jà á títí di 2018, àwọn ará ìlú tí ilé ẹjọ́ kó jọ láti dá ẹjọ́ náà ní Amẹ́ríkà wá ní kí Samsung san bíi 539 mílíọ̀nù dọ́là. Nínú ẹ̀, 533 mílíọ̀nù jẹ́ tìtorí bí nǹkan ṣe rí lójú, igun fóònù tó rí roboto, bí wọ́n ṣe to àwòrán kéékèèké sójú ẹ̀. Ti bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò ju bíi 5 mílíọ̀nù lọ. Ó ṣeé wọ̀n nígbà náà! Tó bá jẹ́ pé olówó méjì ló ń jà, wọ́n mọ iye tí igun fóònù kan ń pa, tó bá wá jẹ́ pé ẹni tó ya igun yẹn ló ń béèrè, kò sí òṣùwọ̀n mọ́ nílé.

Ìwé àdéhùn tuntun kan wà nílẹ̀ níwájú mi báyìí, iṣẹ́ ẹlòmíì. Mo fi ìlà kan kún un: tí mo bá ro nǹkan tí ò sí nínú iṣẹ́ tí ẹ gbé fún mi, tẹ́ ẹ dẹ̀ lò ó, ẹ máa kọ orúkọ mi, ẹ máa fún mi ní díẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá tà, títí á fi dé iye kan, a ó dúró níbẹ̀. Mi ò ní kí wọ́n wá sọ mí di olówó. Wọ́n dá a padà láàárọ̀ yìí. Wọn ò fọwọ́ kan ti orúkọ, wọ́n fi bírò pupa fagi lé ti owó, wọ́n kọ "ká jọ sọ̀rọ̀" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo ti pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò tíì gbé e.