Àyẹ̀wò Ọdún: Ìṣẹ́jú Márùn-ún Àkọ́kọ́, Ti Onílé Ni

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀kun o. Ọyẹ́ ti dé, eruku ti bo ewé kajú, ètè ti ń là. Ọdún tó ń lọ yìí ló mú Bàbá Panápaná lọ. Ní ti dúkìá, ilé kan àti oko kajú kan lọ́nà Ìyàrá ló fi sílẹ̀, ìyẹn ò gba ìṣirò púpọ̀. Ohun tó yẹ ká yẹ̀ wò ni àwọn ìlànà tó gbé kalẹ̀ nínú ilé: èwo ló ṣì dúró, èwo ló ti ń yọ́ bọ́.

Ọmọ 20 ọdún ni nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1967. Ó wọṣẹ́ ológun, ogun parí ní January 1970, ní 1971 ó wọ iṣẹ́ panápaná ní Ìlọrin, torí abẹ́ Kwara ni àwa ará Kàbà wà nígbà náà. Nígbà tí wọ́n dá Kogi sílẹ̀ ní August 1991, ó kó wá sí Lọ́kọ́ja, ibẹ̀ ló ti pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ ní 2006. Kì í sọ̀rọ̀ ogun. Ohun kan ṣoṣo tó mú ti ogun bọ̀ tí gbogbo ilé mọ̀ ni pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, bàtà rẹ̀ á kọjú sẹ́nu ọ̀nà, tọ́ọ̀ṣì á wà nínú ti òsì. Títí ó fi kú, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yí i padà.

Ohun tó máa ń dùn ún jù lẹ́nu iṣẹ́ ni òkúta. Panápaná á dé ibi iná, omi á tán, èrò á ní wọn ò gbé omi wá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kò. Ẹ jẹ́ ká bá a ṣe ìṣirò náà bó ṣe máa ń ṣe é. Ọkọ̀ tó gbé lítà 10,000, tí róbà méjì ń tú omi jáde lára rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tú lítà 500 ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 10 péré ni omi rẹ̀. Kànga tó wà nítòsí kì í sì í ràn án lọ́wọ́ lásìkò ọyẹ́. Pọ́ọ̀ǹpù ò fa omi bí a ṣe rò ó. Afẹ́fẹ́ inú róbà tí wọ́n jù sínú kànga ló ń fà jáde, afẹ́fẹ́ tó tẹ omi lórí nínú kànga ló wá ń tì í gòkè, agbára ìyẹn ò sì ju nǹkan bíi mítà 10 lọ. Lẹ́nu iṣẹ́ gan-an, 7 ni kéèyàn fọkàn sí. Kànga tí omi rẹ̀ ti lọ sí mítà 12 nísàlẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ panápaná mẹ́ta yí i ká, ẹ ò ní rí ife omi kan fà.

Ìdí nìyẹn tó fi máa ń sọ pé ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, ti onílé ni. Láti Kàbà dé Lọ́kọ́ja lé ní kìlómítà 70. Ẹni tó ń retí ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, eérú ni yóò fi hàn wọ́n.

Dúrọ́ọ̀mù lítà 200 kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ilé ìdáná, ó gbọ́dọ̀ kún láti oṣù November, kí bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì so mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́dún yìí, dúrọ́ọ̀mù dúró, omi inú rẹ̀ lọ sí ìdajì lẹ́ẹ̀mejì, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sì ti di ti balùwẹ̀. Ó ti mọ̀ pé báyìí ni yóò ṣe rí, ìyẹn ló ṣe dá ihò sí ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ méjèèjì nígbà ayé rẹ̀, tó sì fi èdídí aṣọ dí i: bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń jò, kò sẹ́ni tó ń fi í wẹ̀. Àwọn tuntun tí wọ́n rà lẹ́yìn rẹ̀ ò níhò.

Ẹ̀rọ ìpaná oníyẹ̀fun kílò 6 tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ náà ti ṣubú nínú ìdánwò. Abẹ́rẹ́ ojú rẹ̀ ti kúrò lórí àwọ̀ ewé, ó ti wọ pupa. Ọmọdé kan tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ní oṣù kẹfà, wọ́n rò pé torí kò tú tán, kò sí wàhálà. Wàhálà wà o. Tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹ̀fun á há sẹ́nu ibi tó ń dé, kò ní lè dé dáadáa mọ́, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á máa jò díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán. Kí wọ́n lọ rọ ọ́ padà ló kù. Tó bá sì kún náà, kò tó ìdajì ìṣẹ́jú tí yóò fi tú tán, nítorí náà ìdí iná ni kí ẹ dojú rẹ̀ kọ, ẹ má tú u sí ahọ́n iná lókè. Kí ẹ̀yìn yín sì wà níhà ẹnu ọ̀nà.

Níbi epo gbígbóná, àwọn obìnrin ilé gbà á tán, a ò rí ẹ̀sùn kankan. Ẹni tó ń dín àkàrà, tí epo bá gbiná, kó pa gáàsì tàbí kó fa igi jáde, kó ti ọmọrí bo ìkòkò láti iwájú ara rẹ̀ lọ sọ́hùn-ún, kó fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá tètè ṣí i wò, epo ṣì gbóná, afẹ́fẹ́ á wọlé, iná á tún sọ. Omi ni ewu ńlá. Omi wúwo ju epo, yóò rì lọ sísàlẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti di oru lójijì. Lítà omi kan á di nǹkan bíi lítà 1,700 oru, òun ni yóò gbé epo tó ń jó fò dé àjà. Ẹni tó bá jóná, omi tútù tó ń ṣàn fún ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n tètè bọ́ òrùka àti ìlẹ̀kẹ̀ kó tó wú. Epo pupa, ẹyin àti ọṣẹ ìfọyín ń há ooru mọ́ ara, nọ́ọ̀sì á tún ní láti ha á kúrò.

Bẹntiróòlù ò gbọdọ̀ wọlé. Láti 23 September 2020, tí tánkà epo kan gbiná ní Felele ní Lọ́kọ́ja, tó pa èèyàn tó lé ní 20, tó fi mọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ni òfin yìí ti le sí i. Oru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́, ilẹ̀ ló ń rìn, ó lè gba abẹ́ ilẹ̀kùn lọ bá iná nínú yàrá kejì. A bá kẹ́ẹ̀gì kan lábẹ́ àtẹ̀gùn ní ọ̀sẹ̀ yìí. Wọ́n ní nítorí ọ̀wọ́n epo ọdún ni. Kẹ́ẹ̀gì náà ti jáde.

Oko ló gún jù. Mítà 10 ni wọ́n ro yí kajú ká kí November tó parí, ewé gbígbẹ ni wọ́n sì gbá kúrò dé ilẹ̀ pupa, torí koríko tí wọ́n gé tí wọ́n fi sílẹ̀ síbẹ̀, oúnjẹ iná ni. Àwọn tó ń fi iná lé òkété ti jó ìgbẹ́ ọ̀dọ̀ aládùúgbò, iná dé ìlà náà ó kú. Ìtànná kajú ni ìlà tí wọ́n ro yìí ń gbèjà bẹ́ẹ̀: igi lè má jó, ṣùgbọ́n tí ooru bá ti ra ìtànná lára, kò sí èso ní March. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n gbàgbé ni kùkùté tó jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Kùkùté lè fi ẹyin iná pamọ́ sínú fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni Bàbá fi ń wá a, kì í ṣe ojú.

Ìwé rẹ̀ fa ìdádúró díẹ̀ nígbà tí a fẹ́ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Orúkọ tó wà nínú ìwé tó fi kúrò nínú ológun ní “h” tí ti báńkì ò ní. Lẹ́tà kan ṣoṣo, ó gba ìbúra ní kóòtù àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn. Ẹ̀yin tí bàbá yín jẹ́ ológun, ẹ bá wọn tò ó nísinsìnyí tí wọ́n ṣì lè fọwọ́ síwèé.

Ó ku ti alẹ́ òní. Gbogbo alẹ́ ọdún, agogo 7, kí wọ́n tó lọ sí ìsìn àìsùn, Bàbá á pa gbogbo iná ilé, á ní “Iná!”, gbogbo ọmọ á fi orúnkún àti ọwọ́ rìn jáde, torí afẹ́fẹ́ tó ṣeé mí nínú èéfín, ilẹ̀ ló ń wà. Ọwọ́ ọ̀tún lára ògiri, ẹni tó kéré jù ṣíwájú kí àgbà má baà sáré fi í sílẹ̀. Wọ́n á pàdé lábẹ́ máńgòrò, á ka orí wọn. Ní ọdún tó kọjá, 14 ni wọ́n, ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ ló gbà wọ́n. Màmá ní òun ni yóò kà á lálẹ́ yìí. Tọ́ọ̀ṣì ti wà nínú bàtà òsì.