Ọkọ mi ò fẹ́ tún ìgbéyàwó wa ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú bíbéèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Ìjọ

Ẹ̀yin obìnrin Àgùdà tí ẹ máa ń jókòó sórí bẹ́ńṣì nígbà tí àwọn yòókù bá ń tò lọ gba Ara Olúwa, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo pẹ́ lórí bẹ́ńṣì yẹn. Mo mọ bí èèyàn ṣe ń ká ẹsẹ̀ kò kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè rí ọ̀nà kọjá, mo mọ bí a ṣe ń tẹjú mọ́ ìwé orin bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ mi ò gba ọkọ ọlọ́kọ. Ìdána wa, gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Kóòtù fún wa ní ìwé. Ti Ìjọ nìkan la ò ṣe.

Ọmọ Áńgílíkà pọ́ńbélé lọkọ mi. Owó ò tó láti ṣe ìdána kí a tún ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì nígbà náà, a ní tó bá yá. "Tó bá yá" yẹn la fi bí ìbejì, la tún fi bí Ìdòwú. Lójú òfin Ìjọ, Kátólíìkì tó bá fẹ́ gbéyàwó gbọ́dọ̀ ṣe é níwájú Fadá tàbí díákónì àti ẹlẹ́rìí méjì, àfi tí Bíṣọ́ọ̀bù bá yọ̀ǹda ọ̀nà mìíràn. Ìpàdé àwọn Bíṣọ́ọ̀bù ní ìlú Trent ló fi í lélẹ̀ ní 1563, nítorí àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ obìnrin ní kọ̀rọ̀ tí wọ́n á sì sẹ́ ẹ tó bá di ọ̀la. Láti 1908 ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kárí gbogbo ayé. Mo fara mọ́ ìdí rẹ̀. Ohun tó kàn ń dùn mí ni pé ìdána tí wọ́n fi ìlù kéde, tí ìdílé méjì jẹ́rìí sí, kì í ṣe ti kọ̀rọ̀, síbẹ̀ òfin kan náà ló dè wá.

Nígbà tí mo lọ bá katikíìsì, olùkọ́ ẹ̀sìn, ní páríṣì tí a wà nígbà yẹn, èsì rẹ̀ yá: kí ọkọ mi kọ́kọ́ di Àgùdà, kí n san gbogbo owó ìkórè tí mo jẹ, kí àwa méjèèjì wá dúró lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń so ọ̀pọ̀ tọkọtaya pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Ọkọ mi gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ìyá Ìbejì, mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ, mo san owó orí, mo tọwọ́ bọ̀wé ní kóòtù. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n fẹ́ kí n fẹ́ ọ?" Mi ò rí èsì fún un.

Sístà kan tó ń kọ́ni níléèwé àwọn ọmọ mi ló là mí lójú. Mo ti rò pé á ní kí n ṣe sùúrù, kí n máa ka Rósárì. Ó ní, "Mọ́mì Ìbejì, ṣé òfin Ìjọ ni wọ́n sọ fún yín, àbí àṣà páríṣì yín?"

Ìbéèrè yẹn ni kí ẹ mú dání kí ẹ tó mú ohunkóhun. Ìwé òfin Ìjọ tí Póòpù John Paul Kejì gbé jáde ní 1983 ní òfin 1,752, ó sì wà lórí ìkànnì Vatican lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní "Ìjọ sọ pé", ẹ rọra béèrè pé òfin wo ni. Kì í ṣe àfojúdi. Òfin 212 fúnra rẹ̀ ló sọ pé àwọn ọmọ Ìjọ ní ẹ̀tọ́ láti sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ fún àwọn olùṣọ́-àgùntàn, pé ìgbà mìíràn tiẹ̀ wà tó jẹ́ ojúṣe wọn láti sọ èrò ọkàn wọn lórí ohun tó kan ire Ìjọ, kí wọ́n ṣá fi ọ̀wọ̀ sí i, kí wọ́n má ba ìgbàgbọ́ jẹ́. Katikíìsì wa ò purọ́ o. Ohun tó bá nílẹ̀ ló ń sọ, ẹni tó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ náà ò béèrè.

Mo ka òfin 1124 àti 1125, lórí ìgbéyàwó Kátólíìkì pẹ̀lú Kristẹni tí kì í ṣe Kátólíìkì. Kò síbi tí wọ́n ti ní kí ọkọ yí ṣọ́ọ̀ṣì padà. Bíṣọ́ọ̀bù ló máa yọ̀ǹda. Èmi ni mo máa ṣèlérí pé mi ò ní fi ẹ̀sìn mi sílẹ̀, àti pé màá sa gbogbo ipá mi kí àwọn ọmọ lè ṣe ìrìbọmi, kí wọ́n sì dàgbà nínú Ìjọ. Wọ́n á jẹ́ kí ọkọ mi mọ̀ pé mo ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀, kò tán? Òun ò ní tọwọ́ bọ ìlérí kankan.

Ní ti owó, òfin 222 ní kí a máa ran Ìjọ lọ́wọ́, mo sì san ohun tí mo jẹ díẹ̀díẹ̀, nítorí òrùlé kì í fúnra rẹ̀ kan ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin 848 ní kí àlùfáà má ṣe béèrè ju ohun tí aláṣẹ fọwọ́ sí lọ nítorí sákírámẹ́ǹtì, kí aláìní má sì pàdánù rẹ̀ torí pé kò lówó. Gbèsè ìkórè kì í ṣe géètì tí wọ́n ń tì mọ́ èèyàn lójú.

Ti ọkọ tí kò fẹ́ tún ìgbéyàwó ṣe wá ńkọ́? Òfin 1161 títí dé 1165 ni kí ẹ lọ kà. Bíṣọ́ọ̀bù lè fi ìwé fìdí irú ìgbéyàwó wa múlẹ̀ láìsí pé tọkọtaya tún ẹ̀jẹ́ jẹ́, Ìjọ á sì kà á sí bí ẹni pé ó ti dúró láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra. Sanatio in radice ni wọ́n ń pè é lédè Látìnì. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé kí àwọn méjèèjì ṣì fẹ́ra wọn tọkàntọkàn, kí ó má sì sí ìyàwó tàbí ọkọ mìíràn nílẹ̀. Kò sí aṣọ funfun, kò sí aṣọ ẹbí, kò sí kéèkì. Ìyàlẹ́nu ló jẹ́ fún mi pé mo dàgbà sínú Ìjọ yìí, mo lọ sí ìpàdé àwọn ìyá títí, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí.

Mo kọ lẹ́tà sí Fadá páríṣì, kò ju ojú ewé kan lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: "Fadá, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Mo fẹ́ padà sídìí tábìlì Olúwa. Ọkọ mi kì í ṣe Kátólíìkì, kò sì fẹ́ tún ìgbéyàwó ṣe, ṣùgbọ́n kò dí mi lọ́wọ́. Òun ló ń wa àwọn ọmọ wá sí Mísà bí ara mi ò bá yá. Mo rí òfin 1161. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó lè ràn wá lọ́wọ́? Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣàlàyé ìdí rẹ̀." Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló ṣiṣẹ́ jù. Ẹni tó bèèrè ọ̀rọ̀ ló fẹ́ gbọ́ ìdí rẹ̀, Fadá náà sì mọ̀ pé mi ò wá jà. Mi ò dárúkọ katikíìsì, mi ò gbé e sí WhatsApp àwọn ìyá Ìjọ. Ọ̀rọ̀ tó bá ti dé ibẹ̀, kò sí Fadá tó máa fi ọkàn tútù dá yín lóhùn mọ́.

Fadá wá sílé. Ọkọ mi gbé àga fún un, wọ́n sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù títí tí mo fi rò pé ó ti gbàgbé ohun tó bá wá. Ló bá bi í pé, "Sà, ṣé ìyàwó yín nìyí títí ikú?" Ọkọ mi ní, "Fadá, ta ló tún fẹ́ gbà á?" Fadá ò rẹ́rìn-ín. Ó mú bírò dání, ó ń wò ó. Ọkọ mi jókòó dáadáa, ó ní, "Títí ikú, sà." Ìyẹn ló kọ sínú fọ́ọ̀mù.

Kì í ṣe gbogbo ìbéèrè ló ń mú bẹ́ẹ̀ ni bọ̀ o. Kí ìwé Bíṣọ́ọ̀bù tó dé, àbúrò mi bímọ, ó ní kí n ṣe ìyá ìrìbọmi ọmọ náà. Mo béèrè, Fadá ní rárá: òfin 874 fẹ́ kí ẹni tó máa ṣe é máa gbé ìgbé ayé tó bá ìgbàgbọ́ mu, kí ó sì ti gba Ara Olúwa. Inú bí mi burúkú. Mo kà á fúnra mi, bẹ́ẹ̀ ló wà. Mo gbé gèlè mi, mo lọ jókòó láàárín àwọn àlejò, ẹlòmíràn ló gbé ọmọ.

Nígbà tí ìwé náà dé, ó ku ìjẹ́wọ́. Láti 1215 ni Ìjọ ti ní kí ọmọ Ìjọ jẹ́wọ́ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, gbèsè tèmi sì ti gòkè. Mo ti ń retí pé Fadá á ní kí n fi odindi oṣù kan gbààwẹ̀, kí n ka Rósárì dórí ẹ̀mí. Ó ní kí n ka Sáàmù 51 lẹ́ẹ̀kan, kí n má sáré kà á, kí n sì lọ kí obìnrin kan tí mo sọ pé mo ti bá yan odì. Mo ní, "Fadá, ṣé kò kéré jù?" Ó ní, "Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ lo fẹ́ rà padà, kí lo ní nílé tó tó o?" Sáàmù rọrùn. Ilé obìnrin yẹn ni ẹsẹ̀ mi wúwo lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ lè bi Fadá ní ìbéèrè nínú ìjẹ́wọ́. Bí iṣẹ́ ìrònúpìwàdà tó fún yín bá kọjá agbára yín, ẹ sọ fún un níbẹ̀ pé kó pààrọ̀ rẹ̀. Èyí sàn ju kí ẹ gbà á kí ẹ má ṣe é. Ohun tí ẹ bá sọ níbẹ̀ kò ní dé etí ọkọ, kóòtù tàbí Bíṣọ́ọ̀bù. Òfin 983 dè é mọ́ Fadá lẹ́nu, ẹni tó bá dìídì tú u síta ti lé ara rẹ̀ kúrò nínú Ìjọ.

Ìyá bàbá mi ò rí ẹni bá a béèrè. Ìyàwó kejì ni. Nígbà tí bàbá àgbà fẹ́ ṣe ìrìbọmi lọ́jọ́ ogbó, wọ́n ní kó mú ìyàwó kan. Ó mú ìyáálé. Ìyá wa di ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀, títí ó fi kú, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló ń jókòó sí. Òfin 1148 tó wà lónìí sọ pé ọkùnrin tí kò tíì ṣe ìrìbọmi, tó ní ju ìyàwó kan lọ, lè mú ọ̀kan nínú wọn tó bá ṣòro fún un láti dúró ti ẹni àkọ́kọ́. Ó sì sọ pé kí Bíṣọ́ọ̀bù rí i dájú pé wọ́n ṣètò ohun tí àwọn tí wọ́n dá padà máa fi gbọ́ bùkátà, kí wọ́n fi ìfẹ́ àti òdodo ṣe é. Tí irú èyí bá ń ṣẹlẹ̀ ní páríṣì yín, ẹ béèrè ìdajì kejì òfin yẹn. Ìdajì àkọ́kọ́ ni gbogbo èèyàn mọ̀.

Àwọn kan á sọ fún yín pé ta ni ìwọ tí ò ń bi àlùfáà ní ìbéèrè. Pọ́ọ̀lù ta ko Pétérù lójúkojú ní Áńtíókù, ó wà nínú Gálátíà orí kejì. Catherine ti Siena, obìnrin tí kì í ṣe àlùfáà, kọ lẹ́tà lórí lẹ́tà sí Póòpù Gregory Kọkànlá ní Avignon nílẹ̀ Faransé pé kó padà sí Róòmù, ó sì padà ní 1377. Bàbá ló ń pè é nínú àwọn lẹ́tà náà, àní nígbà tó bá ń nà án lọ́rọ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ àwọn Àgùdà Ahiara ní ilẹ̀ Mbaise, Ìpínlẹ̀ Imo, ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún yan Peter Okpaleke, ọmọ Anambra, ní Bíṣọ́ọ̀bù fún wọn ní ìparí 2012. Ọ̀pọ̀ àlùfáà àti ọmọ Ìjọ ní ọmọ wọn ni wọ́n ń fẹ́. Ìbéèrè wọn kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Ta ni kò ní fẹ́ kí wọ́n wo ilé rẹ̀ náà? Ṣùgbọ́n ó kúrò ní ìbéèrè, ó di pé ẹni tí wọ́n yàn ò lè wọlé. Ní 2017, Póòpù Francis fún àwọn àlùfáà ní ọgbọ̀n ọjọ́ pé kí kálukú wọn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà ìtúúbá. Okpaleke kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní 2018. Francis fi í ṣe Bíṣọ́ọ̀bù Ekwulobia ní 2020, ó sì di Kádínà ní 2022. Lójú tèmi, iye ọdún tí ìjọ kan fi wà láìní Bíṣọ́ọ̀bù tó ń gbé àárín wọn ti pọ̀ jù fún èsì tí wọ́n rí gbà.

Ẹ̀yin tí kóòtù ti tú ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì yín ká, ọ̀nà tiyín yàtọ̀. Kóòtù ò lè tú èyí tí Ìjọ so. Ilé-ẹjọ́ Ìjọ ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìgbéyàwó náà tiẹ̀ múlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Láti 2015, ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ kan ti tó, tí ẹnikẹ́ni ò bá pẹjọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Tẹ́lẹ̀, méjì ló gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan. Wọ́n lè sọ pé ó múlẹ̀ o. Ẹ múra sílẹ̀ fún ìyẹn náà.

Bí ẹ bá wá ń lọ rí Fadá lórí irú ọ̀rọ̀ tèmi, ẹ mú ìwé ìrìbọmi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ jáde láti páríṣì tí wọ́n ti rì yín bọmi, kì í ṣe èyí tó ti gbó nínú àpótí, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń wò bóyá wọ́n ti kọ ìgbéyàwó kankan síbẹ̀. Ẹ mú ti ọkọ náà dání bó bá ní, pẹ̀lú ìwé kóòtù, àti èèyàn méjì tó mọ̀ yín láti kékeré tó lè jẹ́rìí pé ẹ ò lọ́kọ nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ẹ sì ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó fi sílẹ̀. Tiwa kọ́kọ́ sọnù ní ọ́fíìsì.