Ta ni wọ́n bi kí wọ́n tó gbé fọ́tò yẹn sórí pátákó?

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, fọ́tò kan ló gba orí fóònù gbogbo wa nínú ẹgbẹ́ aránṣọ tí mo wà ní Mọ́kọ́lá, n’Ìbàdàn. Ọmọbìnrin kan wọ gáùn tó là dé itan, àyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn tán, bútíìkì tó gbé e jáde sì kọ ọ̀rọ̀ kan sábẹ́ rẹ̀ tí n kò ní tún sọ níbí. Àwọn àgbà inú wa ní wọ́n ti sọ iṣẹ́ aṣọ di yẹpẹrẹ. Àwọn ọ̀dọ́ ní ayé ti lajú, kí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Wọ́n ní kí èmi náà dá sí i.

Ká sọ tòótọ́, ọmọbìnrin yẹn kò dà mí láàmú. Àgbàlagbà ni, iṣẹ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì ló yàn láàyò, ó mọ iye tó gbà, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ gbé fọ́tò náà sórí Instagram rẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ bá a wí, ọwọ́ ìyá rẹ̀ nìyẹn wà. Ìpolówó ni àgúnmu òwò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó bí wa ṣe wí, ẹni tó sì ti dé Gbági rí mọ̀ pé ẹni tí kò bá pariwo léèsì rẹ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ yóò ṣú bá a. Kí ìpolówó ta èèyàn jí, kó tiẹ̀ bí wa nínú díẹ̀, mo lè fara mọ́ ọn. Ohun tí mo máa ń wò ni ẹni tó wà nínú fọ́tò. Ṣé wọ́n bi í? Ṣé ohun tí wọ́n bi í yé e? Ṣé ó lè sọ pé rárá?

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fojú ara mi rí. Bútíìkì kan gbé iṣẹ́ fún mi, ìró àti bùbá sányán pẹ̀lú gèlè rẹ̀, ọjà Ọjẹ́ la ti ra aṣọ òkè náà. Iṣẹ́ tó dára ni. Èmi àti àwọn ọmọṣẹ́ mi la jọ rán an, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi gán ìṣẹ́tí rẹ̀ nítorí n kò fẹ́ kí ẹ̀rọ fa okùn rẹ̀. N kò bá wọn lọ síbi tí wọ́n ti ya fọ́tò. Ìgbà tí mo dé Challenge lọ́jọ́ kan ni mo gbójú sókè tí mo rí sányán mi lórí pátákó ìpolówó.

Mọ́dẹ́ẹ̀lì náà dúró gbọn-in, gèlè kan ọ̀run. Àwọn ilé àtijọ́ Bẹẹrẹ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, páànù wọn ti dípẹtà. Lẹ́sẹ̀ rẹ̀, níbi tí ìṣẹ́tí tí mo gán ti ń wọ́ nílẹ̀, ìyá arúgbó kan bẹ̀rẹ̀ sórí ọpọ́n èlùbọ́. Èlùbọ́ ti kun apá rẹ̀ funfun dé ìgúnpá, ọrùn bùbá rẹ̀ ya, ó sì ti yọ̀ kúrò léjìká. Wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà mú kí ọ̀dọ̀ ìyá ṣókùnkùn kí mọ́dẹ́ẹ̀lì lè máa tàn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀: Ọ̀tọ̀ ni tiwa.

Mo mọ ìyá náà. Oníbàárà rẹ̀ ni mí, èlùbọ́ rẹ̀ la fi ń ro àmàlà nílé mi. Mo lọ bá a. Ó ti gbọ́ kí n tó dé, àna rẹ̀ ló kọjá ní Challenge, tó sì ya fọ́tò pátákó náà wá fi hàn án. Ó ní àwọn ọmọ náà wá, wọ́n kúnlẹ̀ kí òun dáadáa, wọ́n ní àwọn fẹ́ ya fọ́tò, wọ́n fún òun ní 2,000 náírà, òun sì ṣàdúrà fún wọn. Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tí kò kúrò létí mi:

“Ìyá Tóyọ̀sí, bùbá tí mo fi ń jọ èlùbọ́ nìyẹn o. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wọlé lọ pààrọ̀ ẹ̀. Ọmọ yẹn ní rárá, Màmá, èyí gan-an la fẹ́. Ṣé ẹni tí kò láṣọ ni mí?”

Mo tọ ẹni tó ni bútíìkì lọ. Ọmọbìnrin tó mọ̀wà hù ni, kò sì bá mi jà. Ó ní, “Mummy, ẹ má bínú, ṣebí a fún wọn lówó. Gbogbo èèyàn ló sì ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, ohun tá a fẹ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bú wọn.” Mo bi í bóyá ìyá tó bí i lọ́mọ lè jókòó bẹ́ẹ̀ lórí pátákó, kí wọ́n wá kọ Ọ̀tọ̀ ni tiwa sí i lórí. Kò dá mi lóhùn. Owó tí mọ́dẹ́ẹ̀lì gbà lọ́jọ́ yẹn ju ti ìyá lọ fíìfíì, bẹ́ẹ̀ láìsí ìyá, fọ́tò yẹn ò jámọ́ nǹkan kan, ẹnikẹ́ni ò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣe é. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2008, ìwé ìròyìn oge Vogue ti ilẹ̀ Íńdíà gbé fọ́tò àwọn tálákà jáde pẹ̀lú ẹrù olówó gọbọi lọ́wọ́ wọn. Bàbá kan tí kò wọ bàtà di agboòrùn Burberry mú. Ìyá arúgbó kan gbé ọmọ tí wọ́n so aṣọ ìgbitọ́ Fendi mọ́ lọ́rùn. Ìdílé kan fún ara wọn mọ́ orí ọ̀kadà, àpò Hermès tí irú rẹ̀ máa ń ju 10,000 dọ́là lọ sì wà lọ́wọ́ wọn. Orúkọ àpò wà níbẹ̀, orúkọ agboòrùn wà níbẹ̀, wọn ò kọ orúkọ àwọn èèyàn náà. Nígbà tí ariwo ta, olóòtú ìwé náà ní kí àwọn èèyàn má gba nǹkan sí líle tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá fi ìyẹn wé èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí burúkú jù. Oliviero Toscani, ayàwòrán ará Ítálì tó ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ aṣọ Benetton láti 1982 títí di 2000, mú fọ́tò ọkùnrin kan tó ń kú lọ lọ́wọ́ àrùn éèdì, David Kirby, ó fi polówó aṣọ ní 1992. Therese Frare ló ya fọ́tò náà ní Amẹ́ríkà: ọmọ ti gbẹ kù egungun lórí bẹ́ẹ̀dì, bàbá rẹ̀ di í mú, ó ń sunkún. Aṣọ kankan ò sí níbẹ̀, àfi àmì Benetton. Inú bí àwọn èèyàn gidigidi, àwọn ìwé ìròyìn kan kọ̀ láti gbé e. Ṣùgbọ́n wọ́n bi àwọn òbí Kirby, wọ́n sì gbà. Bàbá rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé Benetton kò lo àwọn, àwọn ni àwọn lo Benetton kí ayé lè rí ohun tí àrùn náà ṣe fún ọmọ àwọn. Ara mi kò gba kí wọ́n fi ikú ọmọ ọlọ́mọ ta súwẹ́tà. Síbẹ̀, nígbà tí bàbá tó sin ọmọ bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ni èmi tún fẹ́ sọ?

Ọ̀rọ̀ ẹni tó wà nínú fọ́tò nìkan kò tíì parí ẹ̀ ṣá o. Ní ọdún 2000, Toscani kan náà ya fọ́tò àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n dájọ́ ikú fún ní Amẹ́ríkà. Wọ́n bi àwọn ẹlẹ́wọ̀n, wọ́n gbà. Ẹbí àwọn tí wọ́n pa, ta ló bi wọ́n? Àwọn náà ló ń rí ojú ẹni tó pa èèyàn wọn nínú ìpolówó. Ìpínlẹ̀ Missouri gbé Benetton lọ sí kóòtù, ilé ìtajà Sears kò ta ọjà wọn mọ́, ọdún yẹn náà sì ni Toscani fibẹ̀ sílẹ̀. Ti ọmọdé tiẹ̀ tún wà lọ́tọ̀: ọmọ ọdún 15 ni Brooke Shields, òṣèrébìnrin ará Amẹ́ríkà, nígbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ Calvin Klein fi í polówó jíìnsì ní 1980 pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ àgbàlagbà. Èmi ò mọ bí “bẹ́ẹ̀ ni” ọmọ ọdún 15 ṣe lè tó fún irú ìyẹn.

Ohun kan wà tó máa ń dun àwa tí à ń tẹ ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 2013, ilé Rana Plaza tí àwọn ilé iṣẹ́ aránṣọ wà nínú rẹ̀ wó ní Bangladesh, ó pa èèyàn 1,134, aránṣọ ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n rí aṣọ tó ní orúkọ Benetton nínú àwókù ilé náà. Ilé iṣẹ́ tó ti ń fi ìyà ẹlòmíràn bá ayé sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni o.

Nílé níbí, àjọ ìjọba tó ń jẹ́ ARCON ló ń bójú tó ìpolówó lábẹ́ òfin ọdún 2022, wọ́n sì ní ìgbìmọ̀ tó yẹ kó wo ìpolówó kó tó jáde. Oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni wọ́n fòfin de mọ́dẹ́ẹ̀lì òkèèrè kí iṣẹ́ lè kan ọmọ Nàìjíríà. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà ni ìyá elélùbọ́ yìí náà, kò sì sí ẹni tó wá bi í.

Pátákó Challenge ti kúrò báyìí, owó àyè rẹ̀ ló tán. Ní tèmi, ẹni tó bá gbé aṣọ tó fẹ́ ya ní fọ́tò wá, mo máa ń bi í ibi tó ti fẹ́ yà á àti ẹni tó máa wà nínú ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe mọ́dẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ rí fọ́tò náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kọ sí i, kó mọ̀ bóyá pátákó ni àbí Instagram, kó gba owó gidi, kí wọ́n sì jẹ́ kó pààrọ̀ aṣọ bó bá fẹ́. Àwọn kan ti torí ẹ̀ gbé iṣẹ́ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kí wọ́n máa lọ.

Ìyá ò béèrè owó. Ohun tó ń béèrè ni kí wọ́n wá ya òun lọ́jọ́ tí òun bá wọ aṣọ aró òyìnbó òun, kí wọ́n gbé ìyẹn náà síbi tí wọ́n gbé ti èlùbọ́ sí. Bútíìkì ní kò sówó pátákó mọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti gbọ́ pé òfin ààbò dátà ti ọdún 2023, èyí tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ẹni, lè ràn wọ́n lọ́wọ́, ó sì ní kí n bá àwọn wá lọ́yà. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan ní Ìbàdàn tó lè jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá kó tó dárúkọ owó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.