SPARCstation 1: kọ̀ǹpútà tó gbàgbé orúkọ ara rẹ̀

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́.

Bí ẹ bá tan SPARCstation 1 lóde òní, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ gbólóhùn yìí ni yóò kọ́kọ́ kọ sójú mọ́nítọ̀: The IDPROM contents are invalid (ohun tó wà nínú IDPROM, ibi tí orúkọ ẹ̀rọ wà, kò tọ̀nà). Kò ju pé ẹ̀rọ náà kò mọ ẹni tí òun ń jẹ́ mọ́. Àwọn àgbà ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ìjánu tirẹ̀ ti já.

Oṣù Kẹrin ọdún 1989 ni ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ní California gbé e jáde. Sun 4/60 ni nọ́ńbà rẹ̀, Campus sì ni orúkọ tí wọ́n ń pè é nínú ilé kó tó jáde. Andy Bechtolsheim, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó dá Sun sílẹ̀ lọ́dún 1982, ló ya àwòrán rẹ̀, ó sì fẹ́ kí bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ má tóbi ju tákàdá ìkọ̀wé kan lọ. Àpótí rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 16 ní ìbú àti òró, kò sì nípọn tó ínǹṣì 3, ni àwọn èèyàn bá ń pè é ní páálí písà. CPU rẹ̀, ọpọlọ ẹ̀rọ náà, tí LSI Logic ṣe, ń sáré ní 20 MHz, Sun sì ní agbára rẹ̀ tó MIPS 12.5 (mílíọ̀nù àṣẹ 12.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). Èyí tí kò ní dísìkì kò tó $9,000 nígbà náà.

Ẹ fi ọkàn sí èyí tí kò ní dísìkì yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ orúkọ ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá tàn án, yóò ké sórí nẹ́tíwọ̀kì pé, “Nọ́ńbà Ethernet mi nìyí, ta ni mí?” Sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń bójú tó àwọn yòókù, á wo ìwé rẹ̀, á fún un ní nọ́ńbà IP, á sì kó ètò iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Àwọn tó ń ta sọfitíwía náà so àṣẹ ìlò mọ́ hostid (nọ́ńbà ìdánimọ̀) ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ tí kò bá lórúkọ, kò sílé, kò sí iṣẹ́.

Inú chip kan ṣoṣo ni wọ́n kó gbogbo orúkọ yìí sí: MK48T02, ẹlẹ́sẹ̀ 24, tó ní kìlóbáìtì 2, aago, àti bátìrì líthíọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ike bò mọ́nú pátápátá. Nǹkan bí ọdún 10 ni wọ́n fún bátìrì náà. Mi ò ní pè é ní ìwà jìbìtì, ta ló rò ní 1989 pé ẹnikẹ́ni á ṣì máa tan ẹ̀rọ yìí lẹ́yìn ọdún 10? Ṣùgbọ́n àwọn Sun-3 tó ṣáájú rẹ̀ ní PROM (chip tí ohun tí wọ́n kọ sí i kì í parẹ́) tiwọn lọ́tọ̀ fún orúkọ, tí kò nílò bátìrì rárá. Títí dòní wọ́n ṣì mọ orúkọ wọn.

Ohun tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà nìyí: bí bátìrì bá kú, diag-switch?, ètò tó ń sọ bóyá kí ẹ̀rọ yẹ ara rẹ̀ wò, náà máa ń di true (bẹ́ẹ̀ ni). Ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ RAM wò fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà á fi dísìkì sílẹ̀, á gba orí nẹ́tíwọ̀kì lọ, á sì dúró síbẹ̀. Ẹni tó ni ín á rò pé dísìkì ló bàjẹ́, á lọ ra òmíràn.

Bí ẹ bá fẹ́ ra chip tuntun, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó ń sọ ọdún àti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é. Èyí tó ti wà nínú páálí láti 1995 ti darúgbó bíi tiyín. Ọ̀nà kejì ni pé kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí ẹ fi fáìlì ha etí ike rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí irin méjì tó lọ sí bátìrì yóò fi yọ. Ẹ bo imú yín. Ẹ fi mítà mọ èyí tó jẹ́ pọ́sítífù, torí bátìrì tó ti kú sábà máa ń ní ìwọ̀nba iná díẹ̀ nínú. Ẹ gé irin náà kúrò lára bátìrì àtijọ́ kí ó má baà máa fa iná tuntun mu, kí ẹ tó jó wáyà ilé bátìrì CR2032 (bátìrì pẹlẹbẹ roboto) mọ́ ọn.

Ó wá ku ìsọmọlórúkọ. Ẹ tẹ Stop (L1) pọ̀ mọ́ A. Bí ó bá jẹ́ ààmì > lẹ rí, ẹ tẹ n kí ó lè di ok. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ìwọ̀nyí (mkp ń kọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ sí àyè tí nọ́ńbà kejì dárúkọ):

set-defaults
1 0 mkp
51 1 mkp
8 2 mkp
0 3 mkp
20 4 mkp

51 ni ààmì SPARCstation 1, 8:0:20 sì ni ti Sun. Hex (òǹkà tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 16) ni gbogbo wọn. Ẹ fi nọ́ńbà mẹ́ta sí àyè 5, 6 àti 7, òdo sí 8 dé b, kí ẹ tún àwọn mẹ́ta yẹn fi sí c, d àti e. Nọ́ńbà àtijọ́ sábà máa ń wà lórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn chip. Bí kò bá sí, ẹ fi èyí tó wù yín, ṣá ti rí i pé ẹ̀rọ méjì kò jẹ́ orúkọ kan náà lórí nẹ́tíwọ̀kì kan. Ìlà tó kẹ́yìn ń ṣe ìṣirò ìdánilójú:

0 f 0 do i idprom@ xor loop f mkp

Ẹni tó bá gbàgbé ìlà yìí á tún rí gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn.

Díẹ̀ sí i kó tó di pé ẹ pa àpótí dé. Dísìkì inú máa ń jẹ́ nọ́ńbà 3 lórí SCSI (ọ̀nà tó so dísìkì mọ́ ẹ̀rọ), kì í ṣe 0. CD-ROM ní láti jẹ́ èyí tó ń ka báìtì 512 lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì wà ní 6. RAM, mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń wọlé, títí dé MB 64. Nínú àyè SBus (ibi tí à ń ki káàdì àfikún bọ̀) mẹ́ta tó wà, ìkẹta kò lè pàṣẹ fún mẹ́mọ́rì fúnra rẹ̀, nítorí náà káàdì tí kò nílò ìyẹn, bíi ti àwòrán, ni kí ẹ fi síbẹ̀.

Ẹ yọ wáyà iná lára ògiri, kí ó sun mọ́jú. Láàárọ̀, ẹ tàn án, kí ẹ tẹ banner, àṣẹ tó ń fi nọ́ńbà ẹ̀rọ hàn. Bí nọ́ńbà tí ẹ kọ bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ dá síkúrù padà.