Ìgò wáìnì kì í ṣe akèrègbè ẹmu

Ìgò mẹ́rin ló wà nínú hámpà tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́: pupa méjì, funfun kan, àti ọ̀kan tó ń hó. Èmi nìkan ni mo kù nínú ilé yìí ní Àkóbọ̀. Àwọn ọmọ ti fọ́n ká, bàbá wọn sì ti lọ sinmi. Ife kan péré ni mo máa ń mu lálẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Ìgò kan sì rèé, 75cl ni, ó tó ife márùn-ún. Tí mo bá ṣí i lọ́jọ́ Ajé, ó yẹ kó gbé mi dé ọjọ́ Ẹtì.

Ìgò àkọ́kọ́ kò gbé mi dé Ọjọ́bọ̀ tó fi bàjẹ́. Mo kàn gbé kọ́ọ̀kì lé ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ́, n kò tẹ̀ ẹ́ wọlé, mo sì gbé e sórí pẹpẹ nílé ìdáná. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá mi ni kí ó lọ bi. Adẹ́mu ni, ní Òkè-Igbó. Ewé ló máa ń fi dí ẹnu akèrègbè, kí ìfófó lè rí ọ̀nà jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin rọ ẹmu àárọ̀ sínú ìgò lọ́jọ́ kan, ó dé e pinpin, ó gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pé òun máa fi ṣe ọ̀rẹ́ òun lálejò lọ́sàn-án. A wà lójúde nígbà tí a gbọ́ gbàù! Ẹmu dé àjà. Bàbá mi kò nà án. Ó kàn ní, “Ẹmu kò tíì sọ̀rọ̀ tán, o ti pa á lẹ́nu mọ́.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ̀ mí lára pé ọtí tó wà nínú ìgò gbọ́dọ̀ máa mí.

Ìtìjú tó wà níbẹ̀ ni pé bàọ́lọ́jì ni mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ. Ọdọọdún ni mo ń kọ orúkọ Louis Pasteur sójú pátákó. Àwọn ọmọ máa ń rò pé wàrà ló ṣiṣẹ́ lé lórí, bẹ́ẹ̀ wáìnì àwọn ará Faransé tó ń bàjẹ́ ni ó kọ́kọ́ ń gbé kaná lọ́wọ́wọ́, ní nǹkan bí ọdún 1864, tipẹ́tipẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó kan wàrà. Mo mọ gbogbo ìyẹn. Mo sì ṣí ìgò sílẹ̀ nínú ooru Ìbàdàn.

Ẹmu ṣì wà láàyè nígbà tí à ń mu ún. Ìwúkàrà inú rẹ̀ ń jẹ ṣúgà, ó ń sọ ọ́ di ọtí, ó sì ń tú gáàsì jáde. Dí i lẹ́nu, á bú. Wáìnì ti parí ìyẹn kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò. Kò ní ohun tó fẹ́ tú jáde mọ́, ti ìta ni kò gbọ́dọ̀ wọlé bá a. Ọ́síjìn díẹ̀ kò burú, òun ló ń mú kí wáìnì pupa mìíràn dùn ní ife kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tó bá ti wá pẹ́, òórùn èso á fò lọ, á wá máa rùn bí ápù tí wọ́n gé tí wọ́n gbàgbé. Lẹ́yìn ìyẹn ni Acetobacter á gba iṣẹ́. Kòkòrò àìfojúrí ni, kò lè ṣe ohunkóhun láìsí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n tó bá ti rí afẹ́fẹ́, ọtí ló ń sọ di kíkan. Irú wọn náà ló ń sọ ẹmu àná di ohun tí èèyàn ń yọ imú sí.

Mo pinnu láti wádìí bó ṣe yẹ kí n tọ́jú wáìnì tí mo ti ṣí, bí a ṣe ń ṣe nílé-ìwé. Mo ra ìgò mẹ́ta wáìnì Pinotage kan náà, ti South Africa, ní Bódìjà. Mo pe Ìyá Bùsáyọ̀ àti ọkọ rẹ̀ láti òdìkejì ọ̀nà pé kí wọ́n wá bá mi mu ìdajì-ìdajì rẹ̀. (Wọn kò jiyàn.) Ìgò kìíní, mo tẹ kọ́ọ̀kì rẹ̀ wọlé dáadáa, mo fi sórí pẹpẹ. Ìkejì, mo tẹ tirẹ̀ náà wọlé, mo gbé e sínú fíríìjì ní ìdúró, nítorí pé tí ìgò bá dùbúlẹ̀, ojú wáìnì tó kan afẹ́fẹ́ á fẹ̀ sí i. Ìkẹta ni mo fi ọgbọ́n sí. Mo ní ìgò kékeré kan, 37.5cl, onídèérí yíyí, tí wọ́n fi pín wáìnì fún wa níbi ìgbéyàwó kan. Mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, mo jẹ́ kó gbẹ. Bí mo ṣe ṣí ìgò ńlá báyìí, kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kan ife, mo ti rọ ọ́ kún dé ọrùn, mo dé e, ó di inú fíríìjì.

Ní ọjọ́ kejì, ti orí pẹpẹ nìkan ló ti ń rẹ̀ díẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ kejì yẹn náà ni wọ́n mú iná lọ, a kò sì rí i títí di ọ̀sán ọjọ́ kẹta. N kò tan jẹnẹrétọ̀ nítorí wáìnì, orí mi ò dàrú. Mo ra yìnyín, mo kó ìgò méjèèjì sínú kúlà. Ọjọ́ kẹrin: ti orí pẹpẹ ti kan, ó wọ ìkòkò ẹran ewúrẹ́ lọ (ó sì dùn níbẹ̀, n kò ní purọ́). Ti fíríìjì ṣeé mu, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun ọ̀sán. Mo wá ṣí ìgò kékeré. Ìyá Bùsáyọ̀ tọ́ ọ wò, ó wò mí lójú, ó ní, “Ẹ̀yin náà, ẹ ò sọ pé ẹ ti ra òmíràn.”

Àyè òfìfo inú ìgò ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Kọ́ọ̀kì tí ẹ dá padà sẹ́nu ìgò tó ti dé ìdajì, inú ilé ló ti afẹ́fẹ́ mọ́.

Ọmọ mi tó wà ní Leeds fi pọ́ǹpù Vacu Vin ránṣẹ́, èyí tí wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́ jáde gba inú rọ́bà. Ó ń ran wáìnì funfun lọ́wọ́ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, àmọ́ kì í fa gbogbo afẹ́fẹ́ náà tán, ó sì jọ lójú mi pé ó ń fa òórùn rẹ̀ lọ pẹ̀lú. Ó tún fi àwòrán Coravin hàn mí, ẹ̀rọ tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2013: abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún gba inú kọ́ọ̀kì, gáàsì argon á wọlé rọ́pò wáìnì tó jáde, ìgò kò ní ṣí rárá. “Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n rà á fún yín.” Mo ní kó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Èyí tó ń hó, ẹ má fi pọ́ǹpù kàn án, gáàsì rẹ̀ lẹ máa fà jáde. Ìyá Bùsáyọ̀ ní kí n ti ọwọ́ ṣíbí bọ ẹnu ìgò. Mo ṣe é. Ṣíbí ń dán lóòótọ́. Òtútù ló ń di gáàsì náà mú, àti ìdérí onírin tó ń há ọrùn ìgò. Àwọn ará ìjọ mi tó ń mu wáìnì tí kò ní ọtí, tiyín ló yẹ kó yá jù: ṣúgà wà níbẹ̀, ọtí tí ì bá ṣọ́ ọ kò sí, ẹ wo ẹnu ìgò dáadáa kó tó di ọjọ́ kẹrin, ẹ lè rí i pé ó ti bu.

Ìgò kékeré mi ti di mẹ́ta báyìí, ìsàlẹ̀ fíríìjì ni wọ́n ń gbé, lọ́wọ́ ẹ̀yìn níbi tó tutù jù. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ni àbúrò mi obìnrin dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó rí ọ̀kan, ó rò pé sóbò ni. Ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún dé ìdajì kó tó dúró, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ṣúgà tán nílé ni?” Mo ti lẹ bébà mọ́ gbogbo wọn.